Ẹ̀yìn dídùn, orúnkún dídùn: kí ni àbá nípa ìrora ń ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì físíò?

Tóbi_Físíò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Akẹ́kọ̀ọ́ físíò ni mí, mo ti dé ìpele tí wọ́n ń rán wa lọ sí ọsibítù. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn.

Ní kíláàsì, wọ́n kọ́ wa ní oríṣiríṣi àbá nípa ìrora: ti Descartes, ti géètì inú ọ̀pá ẹ̀yìn, ti Melzack lórí ọpọlọ, ti ìbẹ̀rù. A há a sórí, a kọ ọ́ nínú ìdánwò, a yege. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé kíníìkì, nǹkan kan náà ni wọ́n ń ṣe fún gbogbo ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn: wọ́n á gbé nǹkan gbígbóná lé e, wọ́n á so ẹ̀rọ TENS, tó ń fi iná mànàmáná díẹ̀ sí ara, mọ́ ọn fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á wọ́ ọ díẹ̀, wọ́n á kìlọ̀ pé "ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́, ẹ má gbé ẹrù mọ́", ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá kan wà tó ń ta iṣu. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n. Wọ́n ya X-ray, wọ́n sọ fún wọn pé "eegun ẹ̀yìn yín ti jẹ". Láti ìgbà náà, wọn kò gbé iṣu mọ́, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀, bí owó bá bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ọmọ ni wọ́n ń pè kó wá mú un. Tí a bá ṣe tán lára wọn, ara á tù wọ́n títí di alẹ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ìrora ti padà.

Ìbéèrè mi ni pé: ṣé àwọn àbá yìí wúlò fún irú ìyá yìí, àbí ìdánwò nìkan ni wọ́n wà fún?

Àyìnlá_Ìbàdàn

Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè. Wọ́n wúlò gan-an ni. Kò sí físíò tí kì í lo àbá nípa ìrora. Ẹni tó ní òun kò lo ìkankan, ti Descartes ló ń lò láìmọ̀.

Ohun tí Descartes, amòye ilẹ̀ Faransé, sọ nìyí. Nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní àwọn ọdún 1660, ó ní okùn tín-ín-rín kan wà láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Tí ẹsẹ̀ bá kan iná, iná á fa okùn yẹn nísàlẹ̀, á sì dún lókè bí agogo. Ẹni tó bá gba èyí ti gba nǹkan mẹ́ta pọ̀ mọ́ ọn: pé ibi tó ń dùn gan-an ni àléébù wà, pé bí ìpalára bá ṣe tó ni ìrora ń tó, àti pé tí a bá ti tún ibẹ̀ ṣe, ìrora ní láti lọ. Fún ọmọ tó fẹsẹ̀ rọ́ lórí pápá lánàá, àbá yìí kò burú, ó ń ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ẹran ara tó fara pa sábà máa ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan. Kí ló wá ń dun ìyá oníṣu lẹ́yìn ọdún mẹ́ta? Descartes kò ní ìdáhùn, ìdí nìyẹn tí a fi ń padà sórí ibi kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí a ń wá ohun tí a máa tún ṣe.

Ní 1965, Ronald Melzack, ọmọ Kánádà, àti Patrick Wall, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àbá géètì jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí àwọn nááfù (okùn ìmọ̀lára ara) tín-ín-rín ń gbé bọ̀ láti ibi tó fara pa kì í lọ sí ọpọlọ tààrà. Ibì kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, bíi géètì, tó ti ń pàdé èyí tí àwọn nááfù tó nípọn, àwọn ti ìfọwọ́kàn, ń gbé bọ̀, èyí tó nípọn sì lè dín agbára èkejì kù. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé bá fi ìgúnpá gbá ògiri, tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ra á, tí ẹkún á fi rọlẹ̀. Ẹ̀rọ TENS tí ẹ ń so mọ́ ẹ̀yìn ìyá yẹn, inú àbá géètì ló ti jáde: ní 1967, Wall àti Sweet fi hàn pé iná díẹ̀ tí a fi sí nááfù lè mú ìrora dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Fúngbà díẹ̀, ni wọ́n sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí o rí lára ìyá náà kò lòdì sí àbá rárá, bí àbá ṣe wí ló rí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìdajì àbá géètì ni àwa físíò mú. Nínú ìwé kan náà, Melzack àti Wall sọ pé ọpọlọ náà ń ránṣẹ́ sí géètì láti òkè: ohun tí ènìyàn ń rò, ohun tó ti rí rí, ohun tó gbájú mọ́, gbogbo rẹ̀ lè ṣí géètì tàbí kó tì í. A mú apá tó bá ẹ̀rọ mu, a fi apá tó kan ọ̀rọ̀ ẹnu wa sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti tún àwòrán géètì yẹn ṣe ní ọ̀pọ̀ ibi láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n pé ọpọlọ ń ránṣẹ́ sísàlẹ̀, ìyẹn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìyá_Ṣadé

Ẹ jọ̀ọ́, n kì í ṣe físíò, ọmọ mi ló fi ibí yìí hàn mí. Orúnkún ni tèmi, ọ̀tún ló pọ̀ jù. Ó ti pẹ́. Mo ti fi òrí pa á, mo ti mu àgbo, mo ti gba abẹ́rẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ń sọ̀rọ̀ ọpọlọ. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ń bà mí. Dókítà kan ti sọ fún mi rí pé, "Màmá, kò sí nǹkan tó ṣe yín, ẹ kàn ń ronú jù ni." N kò lè kúnlẹ̀ kí àwọn àna mi, n kò lè sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò láìjẹ́ pé ẹnìkan di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe mí. Ṣé ohun tí ẹ̀yin náà ń sọ nìyẹn? Ṣé irọ́ ni mò ń pa?

Bánkẹ́_Leeds

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mà. Rárá o. Ẹ kò parọ́, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kò ṣe dáadáa. Físíò ni mí, ní ìlú Leeds ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí.

Ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ìrora, IASP, ti sọ ohun tí ìrora jẹ́ láti 1979, wọ́n sì tún un sọ ní 2020. Nínú ti 2020, wọ́n kọ ọ́ kedere pé tí ènìyàn bá ní òun ń jẹ̀rora, kí á bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kan tó lè wọ̀n ọ́n, ẹnu ẹni tó ń dùn la ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n tún ní ìrora àti iṣẹ́ tí nááfù ń ṣe láti gbé ọ̀rọ̀ ìpalára kì í ṣe nǹkan kan náà. Níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró sí, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn méjì là á.

Ní 1995, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ìkọ́lé kan jáde, ẹni ọdún 29. Ó fò sílẹ̀ lé ìṣó tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ìṣó náà sì yọ lókè bàtà rẹ̀. Ìrora náà pọ̀ débi pé wọ́n ní láti fún un ní oògùn líle kí wọ́n tó lè fọwọ́ kan ìṣó ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n bọ́ bàtà, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ni ìṣó gbà kọjá. Awọ ara rẹ̀ kò tilẹ̀ họ. Ṣé ó ń parọ́ ni? Rárá. Ojú rẹ̀ rí ìṣó, ọpọlọ rẹ̀ gba ẹ̀rí náà gbọ́, ó sì fi ìrora dáàbò bo ẹsẹ̀.

Èkejì lòdì sí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Henry Beecher, wà ní Anzio ní ilẹ̀ Ítálì ní 1944. Nínú ìròyìn tó kọ ní 1946, ó ní bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ gidi ló sọ pé ìrora àwọn kò tó èyí tí àwọn máa fi gba oògùn. Ọgbẹ́ ńlá, ìrora kékeré. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú ni wọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé ilé ló kàn.

Nítorí náà, Mà, tí a bá sọ pé ọpọlọ ló ń ṣe ìrora, ohun tí à ń sọ ni pé ọpọlọ ń kó ẹ̀rí jọ: ohun tí orúnkún ń sọ, oorun tí ẹ kò rí sùn, ohun tí dókítà yẹn sọ sí yín, ìbẹ̀rù pé ẹ máa ṣubú. Orúnkún yín wà lára ẹ̀rí yẹn, ó sì ṣeé ṣe kó ti yí padà nítòótọ́. Gbogbo ẹ̀rí yòókù náà ṣeé tọ́jú, ìyẹn ló sì ń fún èmi ní ìrètí nínú iṣẹ́ yìí.

Tóbi_Físíò

Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí Bánkẹ́. Kí ni kí n wá sọ fún ìyá oníṣu nípa X-ray yẹn? Ojú wọn ni wọ́n fi rí i. Inú àpò ni wọ́n máa ń gbé e wá.

Bánkẹ́_Leeds

Tóbi, má sọ pé X-ray parọ́. Sọ fún wọn ohun tí X-ray kò lè sọ.

Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan kó àyẹ̀wò CT àti MRI, àwọn àwòrán inú ara, ti ènìyàn 3,110 jọ, gbogbo wọn jẹ́ ẹni tí ẹ̀yìn kò dùn rárá. Láàárín àwọn ẹni 20 ọdún, ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ni dísìkì ẹ̀yìn wọn, ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, ti ń gbó. Ní ẹni 50 ọdún, ó di ìdá 80. Ní ẹni 80 ọdún, ìdá 96. Dísìkì tó yọ síta díẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sunkún lé lórí, ó wà lára ìdá 30 àwọn ẹni 20 ọdún. Ara wọn le, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń jó.

Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: "Mà, ohun tí ẹ rí nínú àwòrán yìí, tí a bá ya ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ yín tí ẹ̀yìn wọn kò dùn, a máa rí i lára tiwọn náà. Ẹ̀yìn yín kò jẹ, ó lágbára." Tí o bá sọ ọ́ tán, dákẹ́. Jẹ́ kí wọ́n béèrè ìbéèrè. Má sáré.

Àgbà_Físíò_Abẹ́òkúta

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, ẹ kú làákàyè. Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ sí i, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ń kà á.

Kí o tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ lágbára, rí i dájú pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Nílẹ̀ wa, ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣì ń wọ eegun ẹ̀yìn. Jẹjẹrẹ próstéètì ń wọ eegun ẹ̀yìn bàbá arúgbó, ẹ̀yìn dídùn sì lè jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ. Ẹni tó ń rù láìmọ̀dí, tí ibà ń ṣe lálaalẹ́, tí ìrora rẹ̀ kò yàtọ̀ bó dùbúlẹ̀ bó dìde, tó ti ní jẹjẹrẹ rí, tó ṣubú láti òkè, tí kò lè tọ̀ mọ́ tàbí tí ìtọ̀ ń dá lára rẹ̀, tí ìdí àti àárín itan rẹ̀ ti kú tipiri, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ lójoojúmọ́: ọ̀dọ̀ dókítà ni kí o darí rẹ̀ sí lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe ọjọ́ àbá nìyẹn.

Èkejì. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé ọwọ́ kò wúlò mọ́. Ẹni tó wọ mọ́tò láti Ìmẹ̀kọ wá sí Abẹ́òkúta kò wá gbọ́ lẹ́kíṣọ̀. Èmi ṣì ń wọ́ ẹ̀yìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde ní oṣù Kejìlá 2023 lórí ẹ̀yìn dídùn tó ti pẹ́. Wọ́n fọwọ́ sí ìlanilọ́yẹ, eré ìdárayá, wíwọ́ ara, títún eegun ẹ̀yìn tẹ̀, àti ìtọ́jú èrò ọkàn. Wọ́n ní kí a má ṣe lo bẹ́líìtì ẹ̀yìn, fífa ẹ̀yìn nà, ẹ̀rọ ultrasound ti ìtọ́jú (kì í ṣe ti àyẹ̀wò) àti TENS gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú ojoojúmọ́ fún un. Ọwọ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí a ń gbára lé jù ni kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìṣòro àkókò. Lọ́jọ́ kíníìkì, aláìsàn á tò lórí bẹ́ńṣì dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà wo ni a máa ráyè ṣàlàyé ọpọlọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Àyìnlá_Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ló yẹ kó ṣáájú ohun gbogbo.

Lórí àkókò: àlàyé kì í ṣe lẹ́kíṣọ̀. Àlàyé lásán kì í ṣe púpọ̀, ìwádìí ti fi hàn bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó bá bá ìdárayá rìn ló ń lágbára. Ogún ìṣẹ́jú tí ìyá oníṣu fi ń dùbúlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni mo ti ń rí àkókò.

Àbá tí mo ń lò jù fún irú wọn ni ti ìbẹ̀rù, tí Johan Vlaeyen àti Steven Linton tò jọ dáadáa ní 2000. Ẹ̀yìn dun ènìyàn. Ó rò pé nǹkan ti bàjẹ́ nínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ àti ẹrù. Iṣan ń rọ, oorun ń bàjẹ́, ayọ̀ ń lọ, ìrora ń pọ̀ sí i, ó wá ní "mo mọ̀ bẹ́ẹ̀". Ta ló sì kọ́kọ́ sọ fún un pé kó má bẹ̀rẹ̀ mọ́? Àwa ni. "Eegun ti jẹ", "ẹ̀yìn yín ti yẹ̀", "ẹ ṣọ́ra o, ẹ lè rọ lápá lẹ́sẹ̀": ọ̀rọ̀ tí aṣọ funfun bá sọ, aláìsàn ń gbé e lọ sílé, ó ń gbé e sùn.

Clifford Woolf fi hàn ní 1983 pé ọ̀pá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ lè yí padà lẹ́yìn ìpalára, tí ohun tí kò tó nǹkan á fi máa fa ìrora ńlá. Ajá tí olè ti wọlé bá rí ni mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún aláìsàn: láti ọjọ́ náà, ó ń gbó ọmọ onílé, ó ń gbó àlejò. Gbígbó rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni olè wà níbẹ̀. Lílù kọ́ ló máa gbà á, ṣe la máa jẹ́ kó rí àlejò díẹ̀díẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀.

Ohun tí mo máa ṣe pẹ̀lú ìyá yẹn nìyí, Tóbi. Má gbé wọn gun bẹ́ẹ̀dì. Ní kí wọ́n fi hàn ọ́ bí wọ́n ṣe ń mú nǹkan nílẹ̀. Wò wọ́n dáadáa. Wọ́n á dá èémí dúró. Wọ́n á fi ọwọ́ kan ti itan. Wọ́n á mú ẹ̀yìn le gbọnrangandan bí igi, orúnkún nìkan ni wọ́n á fi rẹlẹ̀. Ojú á le. Gbogbo agbára yẹn, ẹ̀yìn ló ń gbé e.

Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ fa orúnkún méjèèjì wá sí àyà, kí wọ́n máa mí. Béèrè bó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ máa ń ní, "Ó ń fà díẹ̀, kò burú." Sọ fún wọn pé ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀ tán báyìí, ohun tí wọ́n ń sá fún gan-an ni wọ́n ṣe. Gbé wọn jókòó, kí wọ́n nawọ́ kan bàtà wọn. Lẹ́yìn náà, ìgbálẹ̀: ìgbálẹ̀ ọwọ́ gidi, ilẹ̀ gidi, ìwọ̀n ibi tí bẹ́ẹ̀dì gbà. Lẹ́yìn náà, iṣu kékeré kan lórí àpótí, kó tó di orí ilẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe ìkọ̀ọ̀kan, béèrè: "Kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?" Wọ́n á ní eegun á yẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe é tán: "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Jẹ́ kí ẹnu wọn sọ ọ́. Ìdáhùn yẹn ju àlàyé èmi àti ìwọ lọ.

Fún iṣẹ́ ilé, iye ni kí o fún wọn, má sọ pé "títí ó fi máa dùn". Wilbert Fordyce ní Seattle ló fi èyí kọ́ ayé ní àwọn ọdún 1970: tí a bá ní kí ènìyàn ṣe é títí tó máa fi dùn, ìrora ló ń darí iṣẹ́. Bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tó rọrùn fún wọn, fi díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, yálà ọjọ́ náà dára tàbí kò dára. Lọ́jọ́ tó dára, kí wọ́n má ṣe gbogbo iṣẹ́ oṣù kan tán. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí.

Kọ́lá_Èkó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Wọ́n gé ẹsẹ̀ bàbá mi nísàlẹ̀ orúnkún lọ́dún tó kọjá nítorí egbò ìtọ̀ ṣúgà. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ ló ń jó wọn bí iná lóru. Àwọn ẹbí ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n ní kí a wá ibi tí wọ́n sin ẹsẹ̀ náà sí. Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́, wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́ pé ó ń dùn wọ́n.

Bánkẹ́_Leeds

Ẹ pẹ̀lẹ́, Kọ́lá, ẹ bá mi kí bàbá. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé wọn kò dá wà. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ wọn ló ń ní irú ìrora yìí. Orí wọn pé.

Irú ọ̀rọ̀ bàbá yìí gan-an ló mú kí Melzack kọjá àbá géètì tirẹ̀. Tí ẹsẹ̀ kò bá sí, níbo ni okùn Descartes ti bẹ̀rẹ̀? Ní nǹkan bí 1990, ó gbé àbá míì kalẹ̀: pé ọpọlọ ní àwòrán gbogbo ara nínú, àwòrán yẹn ló sì ń jẹ́ kí a mọ̀ pé a ní ẹsẹ̀. Àwọn kan tí wọ́n bí láìní apá tàbí ẹsẹ̀ pàápàá máa ń mọ̀ ọ́n lára bí ẹni pé ó wà. Wọ́n gé ẹsẹ̀ bàbá, àwòrán rẹ̀ ṣì wà nínú ọpọlọ.

Ìtọ́jú kan jáde láti inú èyí, Ramachandran ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Kalifọ́níà ní àwọn ọdún 1990. Bàbá á jókòó, a ó gbé jígí gígùn kan sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ojú jígí kọ sí ẹsẹ̀ tó wà, kí èyí tí wọ́n gé fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á wo inú jígí, wọ́n á máa mi ẹsẹ̀ tó wà jẹ́jẹ́, wọ́n á ká ọmọ ìka, wọ́n á nà án. Ojú á rí ẹsẹ̀ méjì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, kì í ran àwọn mìíràn. Tí òòyì bá kọ́ wọn tàbí tó bá pọ̀ sí i, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Kí físíò wà níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe ìyẹn, kí wọ́n wo kùkùté ẹsẹ̀ náà dáadáa. Nááfù tí wọ́n gé lè hù bíi kókó, egbò lè wà nínú, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá lè máa há. Oògùn wà fún ìrora nááfù náà, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ti àdúrà, kí ẹbí máa gbà á lọ. Kí ẹnikẹ́ni má kàn fi ẹ̀sùn kan ẹlòmíì nítorí rẹ̀.

Kọ́lá_Èkó

Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ka èyí sí wọn létí. Wọ́n béèrè pé irú jígí wo, bóyá ti ara wọ́díróòbù ṣeé lò.

Bánkẹ́_Leeds

Ó ṣeé lò tó bá gùn tó ẹsẹ̀, tí etí rẹ̀ kò mú. Kí ẹnìkan dì í mú.

Ọmọ_SS

Èmi ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má mú ọ̀rọ̀ yìí lọ bá nọ́ọ̀sì pé ìrora wa jẹ́ ti ọpọlọ. Wọ́n ti ń fura sí wa tẹ́lẹ̀ tí a bá béèrè oògùn.

Àyìnlá_Ìbàdàn

O sọ òótọ́, mo sì dúpẹ́ pé o sọ ọ́. Nígbà tí ìrora àrùn yẹn bá gbéra sọ, ẹ̀jẹ̀ ló ń dí, ẹran ara kò rí afẹ́fẹ́, oògùn àti omi ló kàn, kíákíá. Àwọn kan nínú yín tún ń ní ìrora ojoojúmọ́ láàárín ìgbà méjì, nítorí pé nááfù ti jìyà tipẹ́. Ìyẹn ni físíò lè bá yín ṣe díẹ̀. Kò sí àbá kankan tó fún òṣìṣẹ́ ìlera láyè láti pe ẹnikẹ́ni ní onírọ́.

Ìyá_Ṣadé

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi Bánkẹ́. Kí ni kí n wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú? Orúnkún mi ń ró kùkù tí mo bá ń dìde, ẹ̀rù ń bà mí pé ó ń lọ ara rẹ̀ dànù.

Bánkẹ́_Leeds

Mà, ìró yẹn nìkan kì í ṣe àmì pé ó ń bàjẹ́. Orúnkún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò dùn ń ró.

Ẹ mú àga tó ga díẹ̀, ẹ gbé e ti ògiri. Ẹ jókòó, ẹ dìde, ẹ tún jókòó, jẹ́jẹ́. Iye tí ẹ lè ṣe láìṣe wàhálà, ẹ yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́. Tó bá dùn díẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe é, tó sì ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò ba nǹkan kan jẹ́. Tó bá wú, tó gbóná, tàbí tí ẹ kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Ìkúnlẹ̀, ẹ fi tìmùtìmù sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ kúnlẹ̀ sórí rẹ̀ fún ìwọ̀nba ìgbà, ẹ di ìgbátí bẹ́ẹ̀dì mú. Kò sí ìdí tí ẹ kò fi ní kúnlẹ̀ kí àwọn àna yín lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ wá físíò nítòsí yín tó máa wò yín lójúkojú.

Tóbi_Físíò

Mo ti sọ fún olùkọ́ wa ní kíníìkì, wọ́n ní kí n gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ìyá oníṣu níṣojú wọn. Ẹ̀gbọ́n Àyìnlá, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́? Tí mo bá béèrè pé "ó dùn tó báwo láti òdo dé mẹ́wàá", mẹ́jọ ni wọ́n máa ń sọ nígbà gbogbo.

Àyìnlá_Ìbàdàn

Má fi nọ́ńbà yẹn nìkan ṣe ìdíwọ̀n. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí o béèrè. Ìwé ìbéèrè Roland-Morris wà, gbólóhùn 24 ni, lórí ohun tí ẹ̀yìn dídùn kò jẹ́ kí ènìyàn ṣe nílé: wíwọ ìbọ̀sẹ̀, gígun àtẹ̀gùn, yíyí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn físíò ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ti gbé e sí èdè Yorùbá, wọ́n sì ti dán an wò. Tó bá jẹ́ orúnkún tàbí ìbàdí ni, àwọn ará Ìbàdàn ti ṣe ìwé ìbéèrè tiwọn, IKHOAM, tó wo irú iṣẹ́ tí à ń ṣe nílẹ̀ wa.

Bí wọ́n ṣì ń sọ mẹ́jọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti ń gbálẹ̀, tí wọ́n ti padà sídìí iṣu, nǹkan ti yí padà. Nọ́ńbà ìrora sábà máa ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, nígbà mìíràn kì í tẹ̀lé e, kò sì yẹ kí o ṣèlérí rẹ̀ fún wọn.

Béèrè àwọn ìbéèrè náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí o tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn wọn, kí o tún béèrè wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí wọn kò bá mọ̀wé kà, kà á sí wọn létí fúnra rẹ, má jẹ́ kí ọmọ wọn dáhùn fún wọn.